Ọwọ́ Ni Ká Fi Yan Ìbọn: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ìbọn Ìléwọ́ Àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà

Nígbà tí àwọn olè fọ́ ilé aládùúgbò wa ní Houston ní ọ̀sán gangan, ìyàwó mi kò rí oorun sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Alẹ́ ni mo máa ń ṣiṣẹ́, òun nìkan ló máa ń wà nílé pẹ̀lú àwọn ìbejì. A pinnu pé a ó ra ìbọn. A wọ ilé ìtajà kan, ọkùnrin tó wà nídìí káńtà wo ìyàwó mi lẹ́ẹ̀kan péré, ó mú revolver kékeré kan jáde, ìbọn tí ọta rẹ̀ ń wà nínú irin róbótó tó ń yí, èyí tó ń gba ọta márùn-ún, tí kò sì wúwo tó ìdajì kílò. Ó ní èyí ni òun máa ń tà fún àwọn obìnrin. Ó kéré, ó rẹwà, a sanwó. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a gbé e lọ sí pápá ìyìnbọn. Ìyàwó mi yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gbé e sórí tábìlì, ó na ọwọ́ sí mi. Àárín àtàńpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ti pọ́n, awọ ibẹ̀ ti bó. "Bàbá Ìbejì, ẹ gba nǹkan yìí lọ́wọ́ mi. N ò yìn ín mọ́." Nínú ọta mẹ́ta, ẹyọ kan ló kan bébà.

Ìbọn yẹn kò ní àléébù kankan. Àwọn ọlọ́pàá ti ń kó irú rẹ̀ sápò láti ọdún 1950 tí Smith & Wesson ti kọ́kọ́ gbé e jáde. Ojú la fi yàn án, a kò fi ọwọ́ yàn án. Bàbá mi àgbà jẹ́ ọdẹ ní Òkè-Ògùn. Kó tó gba ìbọn lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, á kọ́kọ́ gbé e lé èjìká, á dijú, á tún lajú, á wò ó bóyá ibi tí ojú òun ń wò ni ẹnu ìbọn náà kọjú sí. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á dá a padà. Ọgbọ́n yẹn ni mo gbàgbé sílé nígbà tí mo wọ ilé ìtajà, òun náà ni mo fẹ́ fi tọ́ yín sọ́nà.

Kí ẹ tó jáde nílé: òfin

Ẹ má fo ibí yìí. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, físà ìbẹ̀wò tàbí físà iṣẹ́ láyè láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bíi ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìṣọdẹ. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbé-ayé rárá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìbọn tí wọ́n ń yá ènìyàn ní pápá ìyìnbọn náà wà nínú ẹ̀. Ẹni tó ní green card lè rà á, ṣùgbọ́n kó rántí pé ẹ̀sùn ìbọn wà lára ohun tí wọ́n lè torí ẹ̀ dá ènìyàn padà sílé, green card kì í sì í gba ènìyàn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ fi dọ́là díẹ̀ rí lọ́yà tó mọ̀ nípa ìwé ìgbé-ayé kí ẹ tó fi ẹgbẹ̀ta dọ́là ra ìbọn.

Lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní àṣẹ, ẹni tó ti pé ọdún 21 ni ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n ta ìbọn ìléwọ́ fún. Ẹ ó kọ fọ́ọ̀mù 4473, wọ́n á sì yẹ orúkọ yín wò. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó ń béèrè bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ ń ra ìbọn náà fún ara yín. Bí ọ̀rẹ́ yín tí kò lè rà á bá kó owó fún yín pé kí ẹ bá òun rà á, ẹ̀wọ̀n ni ẹ ń fi orúkọ yín rà. Ìyókù dá lórí ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti pé ọdún 21 ní Texas lè gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ní New York, ẹ nílò ìwé àṣẹ kódà kí ìbọn náà má kúrò nínú yàrá yín. Ní Illinois, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba káàdì FOID, ìyẹn káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó ní ìbọn. Ní California, ẹ ó dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó gbé e fún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò ó pé ẹ máa dì í mọ́ ẹrù lọ sílé. Pistol (ìbọn ìléwọ́ tí kò ní irin róbótó tó ń yí) àti revolver wà nínú ìbọn tí òfin ìbọn Nàìjíríà kà léèwọ̀ àfi pẹ̀lú ìwé àṣẹ Ààrẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, òfin ọdún 1997 ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ aráàlú. Ọta kan ṣoṣo tí ẹ gbàgbé sínú báàgì lè sọ yín dèrò àtìmọ́lé ní pápákọ̀ òfuurufú.

Iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ kó ṣe?

Ìbọn tí yóò máa gbé inú àpótí lẹ́bàá ibùsùn kò níláti kéré. Bó bá ṣe wúwo tó, bí ọ̀pá rẹ̀ bá ṣe gùn tó, ni yóò ṣe rọ̀ yín lọ́rùn láti yìn. Ìbọn tí ẹ fẹ́ máa gbé sábẹ́ aṣọ ló nílò kó kéré, gbogbo ohun tí ẹ bá sì gé kúrò lára rẹ̀, ọwọ́ yín ni yóò san án. Àìmọ èyí ló jẹ́ kí a ra ìbọn inú àpò fún iṣẹ́ inú yàrá. Bí ìbọn kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ rà, tí ẹ fẹ́ kó ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ẹ wá èyí tó wà láàárín. Glock 19 ni àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀: ó ti wà láti ọdún 1988, ọ̀pá rẹ̀ gùn tó ínṣì mẹ́rin, ó ń gba ọta 15. SIG Sauer P365 tó jáde ní ọdún 2018 kéré sí i dáadáa, ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínṣì mẹ́ta àti díẹ̀, síbẹ̀ ó ń gba ọta mẹ́wàá. N ò sọ pé kí ẹ ra ọ̀kan nínú wọn. Ẹ fi wọ́n ṣe òṣùwọ̀n ni.

Ọwọ́ yín

Kí ẹ tó gbé ìbọn kankan nílẹ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí i kó sì fi inú rẹ̀ hàn yín pé kò sí ọta níbẹ̀. Kí ẹ̀yin náà yẹ̀ ẹ́ wò. Yíyọ magasíìnì, àpò ọta tó ń wọ inú ìdí ìbọn, nìkan kò tó, nítorí ọta kan lè ṣì wà nínú ọ̀pá. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, ìbọn ò ní apátí, ta ni í jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun? Apátí yẹn ni gbogbo wa wá ń pè ní tírígà báyìí. Ìbọn tí wọ́n ní ó ṣófo kò gbọdọ̀ kọjú sí ẹnikẹ́ni nínú ilé ìtajà náà, ìka yín kò sì gbọdọ̀ wọ inú apátí títí ẹ ó fi rí ohun tí ẹ fẹ́ yìn.

Nígbà náà ni kí ẹ dì í mú. Kí àárín àtàńpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ga dé òkè pátápátá lẹ́yìn ìdí ìbọn. Ẹ wo ọwọ́ yín láti òkè: ọ̀pá ìbọn àti egungun apá yín gbọ́dọ̀ wà lójú ìlà kan. Ẹ wá gbé ìka sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹran orí ìka yín yóò dé tírígà láìyí ọwọ́ padà. Bó bá jẹ́ ṣóńṣó ìka nìkan ló kàn án, tàbí tí ẹ ní láti yí ìdí ìbọn sí ẹ̀gbẹ́ kí ìka tó dé ibẹ̀, ìbọn yẹn ti tóbi jù fún yín. Apá yín á máa gbé ọta lọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ó sì máa rò pé ojú yín ni kò ríran. Bí ọmọńdinrín bá rọ̀ sílẹ̀ láìrí ibi dì mú, ẹ ṣì lè yìn ín, ṣùgbọ́n yóò máa fò lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ìbọn òde òní ló ní ike tí ẹ lè pààrọ̀ lẹ́yìn ìdí wọn kó lè tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí kó sanra. Ẹ ní kí wọ́n bá yín pààrọ̀ ẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń kùn, ẹ lọ sí ilé ìtajà mìíràn.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni irin òkè, èyí tí wọ́n ń pè ní slide, tí ẹ ní láti fà sẹ́yìn kí ọta àkọ́kọ́ tó wọ inú ọ̀pá. Ibí ni ọ̀pọ̀ obìnrin àti àwọn ìyá wa tí oríkèé ọwọ́ ń dùn ti máa ń rò pé pistol kì í ṣe tàwọn. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é báyìí: ẹ sún ìbọn mọ́ àyà, ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò séwu, ẹ fi ọwọ́ kejì di irin òkè mú gírígírí, kí ọwọ́ tó mú ìdí ìbọn wá tì í síwájú. Agbára apá àti àyà lẹ ń lò nígbà náà, kì í ṣe ti ìka. Ìyàwó mi tí kò lè fà á rárá fà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tẹ̀léra lọ́jọ́ tí obìnrin kan ní pápá fi èyí hàn án. Bó bá ṣì le, àwọn ìbọn kan wà tí wọ́n dìídì rọ spring wọn. Smith & Wesson Shield EZ, tó jáde nínú ọta .380 lọ́dún 2018, tó sì tún jáde nínú 9mm lọ́dún 2020 (orúkọ oríṣi ọta ni .380 àti 9mm), wà lára wọn. Magasíìnì rẹ̀ ní kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ lè fi ìka fà sílẹ̀ kí ọta lè wọlé láìdun àtàńpàkò.

Kí ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì wò ó bóyá bọ́tìnnì tó ń yọ magasíìnì ṣeé gbé sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Tírígà àti séfítì

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí, nítorí ibí ni àṣìṣe ti máa ń gbẹ̀mí.

Tírígà revolver kékeré wa nílò agbára bíi pọ́ùn 12 kó tó dún. Ìbọn tó fẹ́ẹ́rẹ́ pọ́ùn kan, ẹ wá ń fi pọ́ùn 12 fà á: òun ló ń mì, òun ló ń yà kúrò lójú ibi tí ẹ kọjú sí. Ti Glock jẹ́ bíi pọ́ùn márùn-ún àbọ̀, bákan náà ni ó sì ń rí láti ọta àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Irú ti Beretta 92, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà lọ́dún 1985, yàtọ̀: ìfà àkọ́kọ́ gùn ó sì le, àwọn tó tẹ̀ lé e á wá kúrú, wọ́n á rọ̀. Ìfà méjì ni ẹ ó kọ́. Mi ò gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti ra irú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ìbọn tó dára púpọ̀.

Ní ti séfítì, ohun tí kì í jẹ́ kí ìbọn ṣàdédé dún, àríyànjiyàn pọ̀, èrò tèmi rèé. Glock kò ní séfítì tí ẹ ń fi àtàńpàkò tì. Irin inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó dún bó bá jábọ́, irin kékeré ojú tírígà rẹ̀ sì ni kò jẹ́ kó dún àfi tí nǹkan bá fà á. Ṣùgbọ́n "nǹkan" yẹn lè jẹ́ ìka, ó lè jẹ́ etí aṣọ, ó lè jẹ́ okùn báàgì. Ìbọn tó ní séfítì àtàńpàkò ń fún yín ní ìṣẹ́jú-àáyá kan láti ronú, ṣùgbọ́n ó tún ń béèrè pé kí ẹ rántí láti ṣí i nígbà tí àyà yín ń lù kìkì. Ẹ̀yin tí ẹ ó máa dán an wò lóṣooṣù, ẹ lè yan èyíkéyìí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nínú ọkàn yín pé ẹ kò ní máa lọ sí pápá, ẹ má yan èyí tó ní séfítì àtàńpàkò, ẹ ó gbàgbé rẹ̀. Kí n sọ òótọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tíì yẹ lẹ́ni tí ń ra ìbọn. Séfítì kan wà tí mo fẹ́ràn: èyí tó wà lẹ́yìn ìdí ìbọn, bíi ti Shield EZ, tí kò jẹ́ kó dún àfi tí àtẹ́lẹwọ́ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ kò ní rántí nǹkan kan. Ẹ dì í mú dáadáa, ó ṣí.

Ẹ tún wádìí bóyá ìbọn náà lè dún bó bá jábọ́. Lọ́dún 2017, SIG Sauer fúnra rẹ̀ ní kí àwọn tó ra P320 dá a padà fún àtúnṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn tí ìròyìn jáde pé ó lè dún bó bá jábọ́ ní ọ̀nà kan. Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀ lórí ojúewé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kí ẹ tó sanwó.

Ọta

Àwọn ọkùnrin fẹ́ràn láti máa jiyàn lórí ọta ńlá àti ọta kékeré. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1986, àwọn ọlọ́pàá FBI bá adigunjalè méjì wọ̀yá ìjà ní Miami. Ọlọ́pàá méjì kú, márùn-ún fara gbọgbẹ́, ọta 9mm kan tó wọ ara ọ̀kan nínú àwọn adigunjalè náà kò sì dé ọkàn rẹ̀. Látàrí ìyẹn ni FBI fi gbé ìdánwò kalẹ̀: ọta gbọ́dọ̀ wọnú jẹ́lì tó dà bí ẹran ara tó ínṣì 12, kó má sì kọjá 18. Wọ́n sáré lọ sórí ọta tó tóbi jù. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe ọta tún 9mm ṣe, láàárín 2014 sí 2016 FBI fúnra wọn padà sórí rẹ̀. Ìdí kan tí wọ́n sọ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń yìn ín bá ojú àmì ju èyí tó tóbi lọ. Bí ọta 9mm bá tó ọlọ́pàá FBI, ó tó wa nínú ilé.

Bí 9mm bá ń já yín lọ́wọ́, .380 rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n inú ìbọn tó kéré púpọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kì í sí, ìbọn tó fẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò sì tún gba ọwọ́ yín. Ẹni tí kò lè fara da ju .22 lọ, kó lò ó, kó mọ̀ pé òun ló máa ń kọ̀ láti dún jù.

Ọta tí imú rẹ̀ ní ihò ni kí ẹ kì í sílé, kì í ṣe èyí tí imú rẹ̀ yíká. Ihò yẹn ló ń mú kó fẹ̀ nínú ara, kó dúró. Ògiri ilé Amẹ́ríkà kì í ṣe búlọ́ọ̀kù bíi tilé wa. Bíi páálí tí wọ́n kùn ní ọ̀dà ni èyí tó pọ̀ jù rí, kódà ọta tó ní ihò lè gba inú rẹ̀ kọjá lọ sí yàrá àwọn ọmọ. Ẹ rìn yí ilé yín ká ní ọ̀sán, ẹ wo ibi tí ibùsùn ọmọ kọ̀ọ̀kan wà, kí ẹ sì mọ ìhà tí ẹ kò gbọdọ̀ yìnbọn sí láéláé.

Ojú ìfojúsùn àti iye ọta

Kí irin ìfojúsùn iwájú ní àwọ̀ tó hàn, ọsàn tàbí ewé. Èyí tó ń tàn lókùnkùn fúnra rẹ̀ máa ń dín kù sí ìdajì lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 12, torí náà ẹ béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ bó bá jẹ́ àlòkù. Red dot, gíláàsì kékeré orí ìbọn tó ń fi àmì iná pupa hàn, dára fún ojú àgbà, bí ẹ bá lè rántí bátìrì rẹ̀. Ẹ ra tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ lọ́tọ̀. Iná ara ìbọn kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì tí a fi ń wo ẹni tó wà ní ilé ìdáná, nítorí ibi tí iná bá dé ni ẹnu ìbọn náà dé, ó sì lè jẹ́ ọmọ yín ló wá mu omi.

Ọta mẹ́jọ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. New York, New Jersey, California àti Massachusetts kò fẹ́ kí magasíìnì ju mẹ́wàá lọ.

Ẹ yá a kí ẹ tó rà á

Ọ̀pọ̀ pápá ìyìnbọn ló ń yá ènìyàn ní ìbọn fún owó kékeré. Ẹ yá mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ fi ọta àádọ́ta dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò ní yáàdì méje, kí ẹ sì wo ọta mẹ́wàá ìkẹyìn ju mẹ́wàá àkọ́kọ́ lọ, nítorí ìgbà tó bá rẹ ọwọ́ ni ìbọn máa ń sọ òótọ́. Bí ihò inú bébà bá ń fọ́n káàkiri ní ìparí, ẹ má rà á, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ra èyí tó bá yín mu, ẹ yin ọta 200 láti inú rẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e, kí bíi 50 nínú wọn jẹ́ ọta onímú ihò tí ẹ fẹ́ máa lò gan-an. Wọ́n wọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn míì máa ń jẹ ọta kan, ó sì ń pọ èkejì. Ẹ gba olùkọ́ fún wákàtí méjì ó kéré tán.

Àkọ̀ àti àpótí

Ẹ yọ owó àpótí sílẹ̀ kí ẹ tó yọ owó ìbọn. Bí owó kò bá tó méjèèjì, ẹ ra àpótí lóṣù yìí, ẹ ra ìbọn lóṣù tó ń bọ̀. Kí àpótí náà jẹ́ irin, kó ní bọ́tìnnì tí ìka lè mọ̀ lókùnkùn, kí ẹ sì de é mọ́ nǹkan tó wúwo. Abẹ́ ìrọ̀rí kì í ṣe ibi ìpamọ́, orí kọ́bọ́ọ̀dù kì í ṣe ibi ìpamọ́. Ọmọ mọ gbogbo ibi tí a rò pé kò mọ̀. Bí ẹ ó bá máa gbé e kiri, kí àkọ̀ rẹ̀ le, kó sì bo tírígà pátápátá. Inú báàgì ọwọ́ tí kọ́kọ́rọ́ àti líìpù wà kì í ṣe àkọ̀.

Ẹ tún wo àwọn tó wà nínú ilé yín. Ó ju ìdajì àwọn tí ìbọn ń pa ní Amẹ́ríkà lọ́dọọdún lọ tó jẹ́ pé ẹni náà fúnra rẹ̀ ló yìn ín. Bí ọkàn ẹnì kan nínú ilé bá rẹ̀wẹ̀sì, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ayé sú, ẹ gbé ìbọn kúrò nílé pátápátá títí ara á fi yá, ẹ sì pe 988, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tó ń ronú láti pa ara rẹ̀, wọ́n ń gbé e tọ̀sán-tòru.

Ìyàwó mi dán ìbọn méje wò kó tó yan Shield EZ 9mm. Ọta mẹ́jọ, séfítì lẹ́yìn ìdí, irin òkè tó rọ̀. Mo ti rò pé yóò mú èyí tí mo fẹ́ràn, kò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó di ojú, ó ṣí àpótí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá pẹ̀lú ìka nìkan kó tó gbà kí a kì í. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí àwọn ìbejì bá ti lọ sí ilé ìwé, ó máa ń yọ ọta rẹ̀ jáde, á nù ún, á yẹ bátìrì àpótí wò, á sì pè mí pé òun ti tì í padà.